Eégbọn Omi Kọ́ Ni

Ní sáà tó kọjá, nínú kíláàsì ìtumọ̀ èdè, wọ́n ní ká túmọ̀ ìwé pélébé kan lórí omi mímu sí Yorùbá. Ibi tí wọ́n kọ water flea sí ni mo ti kọsẹ̀. Mo kọ "eégbọn omi", mo sì kọjá lọ. Nígbà tí mo délé, mo kà á fún ìyá ìyá mi. Wọ́n dá mi dúró: "Eégbọn kẹ̀? Ṣé ajá ló wẹ̀ nínú omi ọ̀hún ni?"

Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Sòbìà mú ìyá àgbà yìí nígbà tí wọ́n wà lọ́mọge, àpá rẹ̀ ṣì wà lọ́rùn ẹsẹ̀ wọn. Ẹni tó bá gbọ́ eégbọn, ara rẹ̀ ni yóò máa yẹ̀ wò, torí eégbọn a máa lẹ̀ mọ́ni lára. Ohun tí ìwé yẹn ń sọ kì í lẹ̀ mọ́ ẹnikẹ́ni. Mímu là ń mu ún.

Ni mo bá lọ wo ohun tí àwọn onímọ̀ ẹranko kọ. Ẹranko méjì ni orúkọ kan yìí dà pọ̀, Daphnia àti Cyclops. Ìbátan edé àti akàn ni àwọn méjèèjì. Jan Swammerdam, ará Netherlands, ló fi orúkọ kòkòrò tó ń fò pe Daphnia lédè Látìn ní 1669, nítorí bó ṣe ń fò sókè sódò nínú omi. Fífò yẹn nìkan ni orúkọ náà fi jọ ọ́, òun gan-an ni mo sì sọnù nínú ìtumọ̀ mi, torí eégbọn ara ajá kì í fò.

Daphnia yìí wù mí púpọ̀. Ìwo orí rẹ̀ tó pẹ̀ka ló fi ń fò, kì í ṣe ẹsẹ̀. Àwọn ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nínú èèpo, wọ́n ń fa omi wọlé, wọ́n sì ń sẹ́ oúnjẹ jáde nínú rẹ̀, bí a ṣe ń sẹ́ ògì gẹ́lẹ́. Ara rẹ̀ mọ́ gaara débi pé èèyàn lè wo ọkàn rẹ̀ bó ṣe ń lù. Bí ọ́síjìn bá dín kù nínú omi, á ṣe haemoglobin sí i, ara rẹ̀ á sì pọ́n. Nígbà tí nǹkan bá rọrùn, obìnrin nìkan ń bímọ láìsí akọ. Bí oúnjẹ bá wọ́n, wọ́n á bí akọ, wọ́n á sì yé ẹyin oníkarahun líle tó lè wà nínú ẹrẹ̀ gbígbẹ fún ọdún púpọ̀.

Cyclops kì í sẹ́ nǹkan, gbígbá mú ló ń gbá oúnjẹ mú. Bí ẹni tí sòbìà ń jáde lẹ́sẹ̀ rẹ̀ bá wọ inú odò, sòbìà á tu ọmọ sómi, Cyclops á sì gbé wọn mì. Alexei Fedchenko ló rí èyí ní 1870. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ méjì, ọmọ sòbìà ti tó ran èèyàn. Ẹni tó bá mu omi náà kò ní mọ nǹkan kan títí di bí ọdún kan, tí aràn tó lè gùn tó mítà kan yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í jáde.

Ṣùgbọ́n aṣọ lè sẹ́ Cyclops kúrò. Ní 1988, ó lé ní 650,000 èèyàn tí sòbìà mú ní Nàìjíríà. Aṣọ asẹ́ wà lára ohun tó lé e lọ, pẹ̀lú kànga àti oògùn tí wọ́n ń dà sínú omi. Ní 2008 ni wọ́n rí ẹni ìkẹyìn. Ní 2013, Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí i pé ó ti tán.

Orúkọ wá ńkọ́? Mo kọ́kọ́ ro "olójú-kan" fún Cyclops, bíi ti òmìrán inú ìtàn àwọn Gíríìkì. Àṣé ojú kan náà ni Daphnia ní! Mo pe Daphnia ní "asẹ́mi", ọ̀rẹ́ mi ní yàrá sì bi mí pé ta ló sẹ́ mi. Mo yí i sí "asẹ́-omi". Cyclops di "agbésòbìà".

Mo tún un kà fún ìyá àgbà: "Ẹ fi aṣọ sẹ́ omi kí ẹ tó mu ún, kí agbésòbìà má baà wọ inú yín." Wọ́n ní bí àwọn tó pín aṣọ fún wọn nígbà náà ṣe sọ ọ́ gan-an nìyẹn. Wọ́n wá béèrè asẹ́-omi: kí ló ń ṣe èèyàn? Mo ní kò ṣe nǹkan kan.

"Kí lo wá ń pè é ní eégbọn sí?"