Oògùn Kan Náà, Eku Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀

Ẹ̀yin ọmọ Òkè-Sopẹn tí ẹ ń múra àtiwọ Yunifásítì Olabisi Onabanjo ní Àgọ́-Ìwòyè, ọ̀rọ̀ eku ni mo fẹ́ bá yín sọ, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ti ìdí igi bẹ̀rẹ̀. Gbòǹgbò asofẹ́yẹjẹ ni àwọn oníṣègùn wa fi ń tọ́jú wèrè láti ayébáyé. Raymond Prince, dókítà ará Kánádà tó ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Arò, l'Abẹ́òkúta, kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1960. Èròjà kan tó ń jẹ́ reserpine wà nínú igi yìí. Nígbà tí àwọn dókítà òyìnbó ń fún àwọn ẹlẹ́jẹ̀ ríru ní reserpine, wọ́n rí i pé ìsoríkọ́ ń mú àwọn kan nínú wọn. Reserpine a máa dín serotonin inú ọpọlọ kù gidigidi, serotonin sì wà lára ohun tí àwọn iṣan ọpọlọ fi ń ránṣẹ́ síra wọn. Láti ibẹ̀ ni ojú àwọn onímọ̀ ti lọ sára serotonin.

Báwo ni wọ́n ṣe ń dán oògùn ìsoríkọ́ wò lára eku? Ní 1977, Roger Porsolt gbé ọ̀nà kan kalẹ̀. Wọ́n á bu omi sínú ìgò gíga, wọ́n á fi eku sí i fún ìṣẹ́jú 6. Eku á kọ́kọ́ lúwẹ̀ẹ́ kíkankíkan, á máa fi èékánná ha ara ìgò, á máa wá ọ̀nà àbájáde. Tó bá ṣe díẹ̀, á dákẹ́, á léfòó, á kàn máa mi ẹsẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kí imú rẹ̀ má baà rì. Àkókò ìdákẹ́ yẹn, láàárín ìṣẹ́jú 4 tó kẹ́yìn, ni wọ́n ń fi aago kà. Oògùn ìsoríkọ́ sábà máa ń dín in kù. Ẹ má ṣe rò pé eku tó léfòó ti sorí kọ́ bí ènìyàn o. Oògùn ni wọ́n fi ń dán wò.

Wàyí o, ìran eku pọ̀. Bí wọ́n bá ń mú ẹ̀gbọ́n àti àbúrò jọ bímọ títí di ìran 20, ó kéré tán, àwọn ọmọ wọn á fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra bí ìbejì tí ẹyin kan ṣoṣo bí. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe rí C57BL/6 tó dúdú àti BALB/c tó funfun. Ní 2005, àwọn onímọ̀ ní Milan, ní Ítálì, fún ìran mẹ́rin ní citalopram, oògùn ìsoríkọ́ kan. C57BL/6 àti 129 dín lílefòó kù. DBA/2 àti BALB/c? Oògùn náà kò mì wọ́n rárá.

Ọdún tó ṣáájú ni wọ́n ti rí ìdí rẹ̀ ní Yunifásítì Duke, l'Amẹ́ríkà. Jíìnì kan wà tó ń jẹ́ Tph2. Òun ló ń darí bí ọpọlọ ṣe ń ṣe serotonin. Lẹ́tà 1473 nínú rẹ̀ jẹ́ C lára C57BL/6 àti 129, ó jẹ́ G lára àwọn méjì yòókù. Lẹ́tà kan péré! Ṣùgbọ́n ó dín iṣẹ́ náà kù, serotonin wá ṣọ̀wọ́n. Citalopram kì í sì í pèsè serotonin. Ó kàn ń dí ọ̀nà tí iṣan fi ń fa èyí tó ti tú jáde padà ni. Ta ló ń dí ihò ara àmù tí kò sí omi nínú rẹ̀?

Ibi tó wù mí jù nìyí: àwọn ará Milan kò dúró síbẹ̀. Wọ́n fún DBA/2 àti BALB/c ní tryptophan, ohun tí ara fi ń ṣe serotonin, wọ́n sì fi citalopram kún un. Oògùn tí kò ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀ wá ṣiṣẹ́.

Lára ènìyàn náà, oògùn tó gba ẹnìkan lè má gba ẹlòmíràn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé tiwa kì í ṣe ọ̀rọ̀ lẹ́tà kan ṣoṣo. Dókítà ló yẹ kó pààrọ̀ rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe dá a dúró fúnra rẹ̀.

Tí ẹ bá wá rí ìwé ìwádìí tó ní ewé kan ń ṣiṣẹ́ fún ìsoríkọ́, ẹ kọ́kọ́ wo irú eku tí wọ́n lò. Eku Swiss àti Wistar ló wọ́pọ̀ jù nínú yàrá ìwádìí wa. Wọn kì í fi tẹ̀gbọ́n tàbúrò Swiss jọ bímọ, nítorí náà jíìnì àwọn tó wà nínú àgò kan náà lè yàtọ̀ síra. Wistar sì ní ìbátan kan, Wistar-Kyoto, tó máa ń tètè léfòó, tí fluoxetine, oògùn ìsoríkọ́ mìíràn, kì í sì í ràn lọ́wọ́ nínú ìdánwò inú omi yìí. Ẹni tó bá kọ “eku” lásán sínú ìwé rẹ̀ kò tíì sọ ẹni tó dá a lóhùn.