Abẹ̀bẹ̀ Tí A Tẹ Ojú Èèyàn Sí

Ọmọ mi, o ti gba fìrídọ̀mù, o sì ti rí ṣọ́ọ̀bù sí Bàrígà. Kí o tó tẹ abẹ̀bẹ̀ àkọ́kọ́ fún oníbàárà tìrẹ, jókòó tì mí díẹ̀.

Ọba tó gúnwà kì í fọwọ́ ara rẹ̀ fẹ́ abẹ̀bẹ̀. Ẹlòmíràn ló ń fẹ́ ẹ fún un. Bí o bá rí abẹ̀bẹ̀ awọ tí wọ́n ṣe ọnà aláràbarà sí, o ti mọ̀ pé ọlọ́lá ń bẹ nítòsí. Idẹ ni wọ́n fi ń rọ ti Ọ̀ṣun. Àwọn òyìnbó náà ní tiwọn. Ní London, ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe abẹ̀bẹ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ Ọbabìnrin Anne ní 1709. Eyín erin ni wọ́n fi ń ṣe egungun èyí tó dára jù nígbà náà, ayàwòrán á wá kùn ún fún aya olówó. Àwọn atẹ̀wé bíi tiwa ló yí i padà: wọ́n fín àwòrán sára bàbà, wọ́n tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, ẹni tí apá rẹ̀ kò ká ti ayàwòrán náà sì rí abẹ̀bẹ̀ mú dání.

Iṣẹ́ wa ní Ṣómólú nìyẹn. Páálí lásán ni, a tẹ ojú onínàáwó sí i, a gé e róbótó, a lẹ ọwọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n bí iná bá lọ ní gbọ̀ngàn, tí èèyàn 300 gbé ojú ìyá kan sókè tí wọ́n ń fẹ́ ẹ, ìyá tó ta ẹ̀kọ tọ́mọ ti di ọlọ́lá lọ́jọ́ náà. Má fojú kékeré wo ọlá yẹn láéláé. Ka orúkọ olóògbé lẹ́ẹ̀mẹta kí o tó tẹ̀ ẹ́. Bí wọ́n bá ní kí o kọ Olóyè síwájú orúkọ ẹni tí kò joyè, má gbà.

Kí o sì bi oníbàárà pé àlejò mélòó ló ń retí. Bó bá ní 200, má kì í láyà dé 500 nítorí èrè. Mo ṣe é rí. Ọkùnrin kan ń ṣòkú ìyá rẹ̀, mo rí i pé agbára rẹ̀ kò gbé 500, mo dákẹ́. Ó kó 200 tó sanwó rẹ̀ lọ. Láti ìgbà náà, bó bá rí mi ní títì Bajulaiye, á yà sí kọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ ojoojúmọ́ là ń kíra tẹ́lẹ̀. 300 yòókù wà lókè àjà yẹn. Gun àga, gbé ọ̀kan sọ̀kalẹ̀, kí o wo bí ìyá náà ṣe ń rẹ́rìn-ín.