Àgbàlagbà Tí Kò Mọ Oúnjẹ Sè

Ẹ̀kọ́ tí a ó jọ gbé yẹ̀wò fún oṣù mẹ́ta yìí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni nínú wa, nítorí pé ìdí ààrò ni yóò gbé wa dé. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àwa tí a ti mọ oúnjẹ sè ni a ń bá wí. Àwọn àgbàlagbà tí kò mọ̀ ọ́n sè ni ọ̀rọ̀ kàn: àwọn ọkọ wa, àwọn ọmọkùnrin wa tí wọ́n ti tó gbéyàwó, àti àwọn kan láàárín àwa obìnrin pàápàá, tí ilé-ìwé, iṣẹ́ tàbí ọmọ ọ̀dọ̀ kò jẹ́ kí wọ́n súnmọ́ ìkòkò nígbà tí wọ́n wà ní kékeré. Àwọn tí a sọ gbẹ̀yìn yìí kì í sọ̀rọ̀ síta, nítorí ojú ń tì wọ́n.

Ẹ jẹ́ kí a wo bàbá kan tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, tí ìyàwó rẹ̀ ṣaláìsí. Ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́, oúnjẹ kì í wọ́n ọn. Ẹbí, ará ìjọ àti aládùúgbò, kálukú ló ń gbé abọ́ wá. Nígbà tó bá yá, kálukú a padà sí ilé rẹ̀. Ọmọ kan wà ní Èkó, èkejì wà lókè òkun. Bàbá a wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi búrẹ́dì àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò pa ebi, tàbí kí ó máa rán ọmọ ọlọ́mọ lọ sí búkà. Bí dókítà bá ti sọ fún un pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, tàbí pé ó ní àrùn ìtọ̀ ṣúgà, ta ni yóò bá a bẹ olóúnjẹ kí ó dín iyọ̀ àti epo kù? Owó lè wà lápò bàbá yìí. Ohun tí kò ní ni ọwọ́ tí ó lè se ọbẹ̀. Àwọn àgbà sì ti sọ pé ọwọ́ ẹni kì í tan ni jẹ.

A máa ń gbọ́ pé ọkùnrin kì í wọ ilé ìdáná. Ta ló fi òfin yìí lélẹ̀? Nínú Gẹ́nẹ́sísì orí 25, Jákọ́bù ló ń se ìpẹ̀tẹ̀ nígbà tí Ísọ̀ ti oko dé. Ní orí 27, Ísọ̀ fúnra rẹ̀, ọdẹ paraku, ló se ẹran ìgbẹ́ fún bàbá rẹ̀. Kò sí ẹni tó pe ọ̀kankan nínú wọn ní obìnrin. Nílẹ̀ wa níbí, nígbà ìjọba àwọn òyìnbó, ọkùnrin ni ọ̀pọ̀ àwọn kúùkù tó ń dáná fún wọn. Ta ló sì ń yan sùyà lẹ́bàá títì títí di òní, bí kì í bá ṣe ọkùnrin? Ẹ tún rántí pé ìjọba ló ń san púpọ̀ nínú owó oúnjẹ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tẹ́lẹ̀ rí. Nígbà tí ìjọba ológun yọwọ́ nínú rẹ̀ ní ọdún 1984, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò bọ ẹyin rí ló ra sítóòfù, tí wọ́n sì ń se ẹ̀wà. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé kò sí ẹlòmíràn tí yóò sè é fún wọn.

Kókó ẹ̀kọ́ wa nìyẹn. Àgbàlagbà kì í kọ́ oúnjẹ sísè nípa wíwò, bẹ́ẹ̀ ni kì í kọ́ ọ nípa kí a máa ní kí ó bá wa bó àlùbọ́sà. Ìgbà tí a bá fi ìkòkò lé e lọ́wọ́ pátápátá, láti ọjà rírà títí dé abọ́ fífọ̀, ló ń mọ̀ ọ́n. Ọ̀pọ̀ ìyàwó ni kò lè fara da èyí. Bí ọkọ bá mú ọ̀bẹ, wọn a ní, “Ẹ fi sílẹ̀, Bàbá, ẹ ó gé ara yín lọ́wọ́.” Bí ọmọkùnrin bá rò ó tí ó ní kókó, wọn a gba orógùn lọ́wọ́ rẹ̀. Ìfẹ́ ni, ṣùgbọ́n ìfẹ́ tí yóò fi ebi pa ẹni náà lẹ́yìn ọ̀la ni. Ẹ jókòó sórí àga, kí ẹ fi ẹnu nìkan kọ́ ọ.

Ẹnu tí a ó sì fi kọ́ ọ gbọ́dọ̀ yé e. Bí àgbàlagbà bá bi wá pé iyọ̀ náà ti tó mélòó, “díẹ̀” kọ́ ni ìdáhùn, “kó ṣáà mọ níwọ̀n” náà kọ́. Ọwọ́ tiwa ti mọ ìwọ̀n láti ogún tàbí ọgbọ̀n ọdún. Tirẹ̀ kò tí ì mọ̀ ọ́n. Ẹ fún un ní ṣíbí, ife àti agolo, kí ó máa kọ ọ́ sínú ìwé. Èyí kì í ṣe àṣà tuntun. Láti ọdún 1934 ni ìwé tí a ń pè ní The Kudeti Book of Yoruba Cookery ti jáde ní Èkó, tó kọ bí a ṣe ń se oúnjẹ Yorùbá sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ọ. Ní ti iyọ̀, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kí àgbàlagbà má jẹ tó gíráàmù 5 lóòjọ́. Ìyẹn kò tó ṣíbí tíì kan. Ẹ jẹ́ kí ó mọ̀ pé iyọ̀ pọ̀ nínú màgí pẹ̀lú, kí ó má baà ka ọ̀kan kí ó gbàgbé èkejì.

Kí ni kí ó kọ́kọ́ sè? Èrò tèmi ni ọbẹ̀ ata, kì í ṣe ìrẹsì. Ẹni tó bá ní ìkòkò ọbẹ̀ kan nílé lè fi jẹ iṣu, ìrẹsì, ẹ̀wà tàbí búrẹ́dì pàápàá. Kí ó fọ tòmátì, tàtàṣé, ata rodo àti àlùbọ́sà, kí ó lọ̀ wọ́n, kí ó gbé e kaná títí omi rẹ̀ yóò fi gbẹ. Lẹ́yìn náà ni kí ó gbé òróró kaná, kí ó da ata sí i, kí ó dín in títí òróró yóò fi léfòó. Ibí yìí ni sùúrù ti máa ń tán. Ọ̀pọ̀ ọbẹ̀ tó ń kan lẹ́nu, ata tí a kò dín tó ni. Omi ẹran àti iyọ̀ ló kẹ́yìn. Bí kò bá sí fíríìjì, tàbí tí iná kò dúró, kí ó máa gbé e kaná láàárọ̀ àti lálẹ́ kí ó hó dáadáa. Ìrẹsì ní tirẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀: bí ìrẹsì sísè bá sun orí tábìlì mọ́jú, ó lè fa èébì àti ìgbẹ́ gbuuru, gbígbé e kaná kò sì lè mú oró náà kúrò. Ìwọ̀nba tí yóò tán ni kí ó sè. Ẹ̀bà rọrùn láti kọ́. Ẹ fi àmàlà sí ìgbẹ̀yìn, kí ọkàn rẹ̀ má baà rẹ̀wẹ̀sì.

Ẹ má fi ọ̀rọ̀ iná ṣeré. Bí òróró bá gbiná nínú ìkòkò, kí ó má da omi sí i láéláé. Kí ó pa iná sítóòfù, kí ó fi ìdérí bo ìkòkò náà, kí ó má sì ṣí i títí yóò fi tutù. Bí ó bá ra gáàsì, kí ó fi omi ọṣẹ pa ẹnu rọ́bà rẹ̀. Ibi tí ọṣẹ bá ti ń hó, gáàsì ń jò níbẹ̀.

Ẹ ka 2 Ọba 4:38-41 ní ìpàdé. Ẹni tó lọ já ewébẹ̀ ní Gílígálì kò mọ ohun tó já, ó sì rẹ́ ẹ sínú ìkòkò ọbẹ̀. Ewu yìí wà síbẹ̀ fún àwọn ọmọ wa tó ń dá gbé lókè òkun. Ẹ̀wà pupa ńlá tí wọ́n ń pè ní kidney beans, bí kò bá jinná, a máa mú ènìyàn bì gidigidi. Kí wọ́n rẹ ẹ́ sómi mọ́jú, kí wọ́n da omi náà nù, kí wọ́n jẹ́ kí ó hó kíkankíkan fún ìṣẹ́jú 10 ó kéré tán, kí wọ́n tó wá sè é títí yóò fi rọ̀.

Iṣẹ́ tí a ó mú lọ sílé nìyí. Kí olúkúlùkù wa yan àgbàlagbà kan, ìbáà jẹ́ ọkọ, ọmọ, àbúrò tàbí arábìnrin tí ojú ń tì. Ní ìpàdé tó ń bọ̀, kí a gbé ọbẹ̀ tí ẹni náà sè wá, tí a kò fi ọwọ́ wa kàn án rárá. Kí a sì sọ ìbéèrè kan tí ó bi wá nídìí ìkòkò náà, tí a kò rí ìdáhùn fún.