Ẹ̀kọ́ Oṣù Yìí: Omi Ló Ń Pa Ọ̀nà, Ọ̀nà Ló Ń Pa Ọjà

Ní oṣù tó kọjá, ẹ̀kọ́ wa dá lórí onígbọ̀wọ́ àti ohun tó yẹ kó mọ̀ kó tó fọwọ́ sí ìwé fún ẹlòmíì. Ti oṣù yìí lè kọ́kọ́ dà bí ọ̀rọ̀ tí kò kan ẹgbẹ́. Ó dá lórí ọ̀nà, àti iṣẹ́ tí ìjọba ìbílẹ̀ ní láti ṣe sí i. Ẹ ní sùúrù, ẹ ó rí ibi tó ti kàn wá.

Nígbà tí ìgbìmọ̀ wa yẹ ìwé ìyálówó wò, a rí i pé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó ń gbé lọ́nà ìsàlẹ̀ odò kì í lè san owó wọn déédéé láti oṣù kẹfà títí di oṣù kẹwàá. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ sí í san án. Inú bí àwọn kan nínú wa. A ní wọ́n ń fi owó ẹgbẹ́ ṣeré ni, a sì ti ń múra láti bu owó ìtanràn lé wọn. Ìyá kan tó ń ta ata ló dìde nípàdé, ó ní: "Ẹ̀yin bàbá, kí ẹ tó dá wa lẹ́jọ́, ẹ bá wa rin ọ̀nà náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo." A bá wọn rìn ín. Ẹnikẹ́ni nínú wa kò sọ̀rọ̀ ìtanràn mọ́ nígbà tí a padà dé.

Ibì kan wà lọ́nà náà tí wọ́n ri páìpù oníkọnkéré sí lábẹ́ ilẹ̀ kí omi lè máa gbabẹ̀ kọjá. Kọ́fáàtì ni àwọn òṣìṣẹ́ ọ̀nà ń pè é. Ẹnu kọ́fáàtì yìí ti dí pátápátá. Omi kò rí abẹ́ gbà mọ́, ó wá ń gba orí ọ̀nà kọjá, ó sì ti jẹ ìdajì ọ̀nà lọ. Ọkọ̀ akẹ́rù kankan kò dé ìkọjá ibẹ̀ mọ́ bí òjò bá ti rọ̀. Ọ̀kadà ló kù. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ báyìí. Ká ní ọkọ̀ akẹ́rù ń gba náírà 1,000 lórí agbọ̀n ata kan, tí ọ̀kadà sì ń gba 3,000. Ẹni tó bá kó 20 agbọ̀n yóò san 60,000 dípò 20,000. Iye tí ì bá fi san gbèsè ẹgbẹ́ ti bọ́ sọ́wọ́ ọlọ́kadà, a kò tíì ka ata tó rà sójú ọ̀nà mọ́ ọn.

Kí la bá lẹ́nu kọ́fáàtì náà? Èèpo ègé, àpò sìmẹ́ǹtì, ọ̀rá, àti yanrìn tí òjò wọ́ wá. Èèpo ègé yẹn, ibi tí wọ́n ti ń lọ gààrí ló ti wá, ọmọ ẹgbẹ́ wa ló sì ni ibẹ̀. A kò ní í dárúkọ. Àmọ́ ẹ ò rí i pé kì í ṣe kánsù nìkan la máa bá wí.

Ohun tó yẹ kí gbogbo wa mọ̀ nípa ọ̀nà ni pé omi lọ̀tá rẹ̀, kí ọkọ̀ tó dé. Ilẹ̀ pupa àti yangí tí a fi ń ṣe ọ̀nà oko wa le bí òkúta nígbà tó bá gbẹ. Bí omi bá wọ inú rẹ̀ tó dúró síbẹ̀, á rọ̀ bí ẹ̀kọ, táyà á sì tẹ̀ ẹ́ wọlé. Nítorí náà, ọ̀nà tó dára a máa ga láàárín bí ẹ̀yìn ìjàpá. Láti àárín lọ sí ẹ̀gbẹ́, ó yẹ kí ilẹ̀ máa fi nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 5 rẹlẹ̀ ní mítà kọ̀ọ̀kan, kí omi lè yára ṣàn bọ́ sínú gọ́tà. Gọ́tà náà kò gbọ́dọ̀ gùn lọ títí láìní ibi tí yóò ti tú omi sínú igbó, torí bí omi bá ti pọ̀ jù nínú rẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í wa ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà jẹ. Ibi tí odò kékeré bá ti dá ọ̀nà kọjá ni kọ́fáàtì wà fún. Ẹ̀yìn ìjàpá, gọ́tà, ibi ìtúmi, kọ́fáàtì: bí ọ̀kan bá kú nínú wọn, ọ̀nà ti ń kú nìyẹn, ì báà jẹ́ ọ̀nà ọlọ́dà.

Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà nínú wa rántí omiyalé Ògùnpa ní Ìbàdàn, ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ 1980. Òjò náà pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìdọ̀tí tí wọ́n dà sódò àti ilé tí wọ́n kọ́ sójú ọ̀nà omi wà lára ohun tó jẹ́ kó pa ènìyàn púpọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ 2011, omi tún yalé nílùú kan náà, ó gbé ọ̀pọ̀ afárá lọ, àdúgbò sì gé kúrò lára àdúgbò. Omi kì í bojú wẹ̀yìn. Bí a bá dí ọ̀nà tirẹ̀, tiwa ló máa gbà.

Ó kù ká mọ ẹni tí à ń bá sọ̀rọ̀. A ti rí àwọn kan tó kọ̀wé sí kánsù lórí ọ̀nà tí kì í ṣe ti kánsù, ìwé náà sì kú sínú fáìlì. Ní Nàìjíríà, ti ìjọba àpapọ̀ ni àwọn ọ̀nà ńláńlá tó so ìpínlẹ̀ mọ́ ìpínlẹ̀, irú èyí tó ti Èkó lọ sí Ìbàdàn tí wọ́n ṣí ní 1978. Ilé-iṣẹ́ FERMA tí òfin dá sílẹ̀ ní 2002 ló wà fún àtúnṣe irú wọn. Èyí tó so ìlú ńlá kan mọ́ òmíràn nínú ìpínlẹ̀, ti ìjọba ìpínlẹ̀ ni púpọ̀ nínú wọn. Ọ̀nà àdúgbò, ọ̀nà ọjà, ọ̀nà oko, ti ìjọba ìbílẹ̀ ni. Ẹ má rò pé ìyẹn kéré o. Gbogbo ọ̀nà Nàìjíríà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 200,000 kìlómítà, bí a bá sì pín in sọ́nà mẹ́ta, nǹkan bíi méjì ló wà lọ́rùn ìjọba ìbílẹ̀.

Àtúntò ọdún 1976 ló sọ ìjọba ìbílẹ̀ di ọ̀kan náà káàkiri Nàìjíríà. Òfin Ìpìlẹ̀ ọdún 1999 sì kọ ọ́ sínú Àfikún Kẹrin pé iṣẹ́ wọn ni láti la ọ̀nà àti òpópó, kí wọ́n sì máa tọ́jú wọn, pẹ̀lú iná òpópó àti gọ́tà, bí ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ bá ti là á sílẹ̀. Ibẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ ọjà, gáréèjì àti kíkó ìdọ̀tí wà. Ẹni tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì fún yín lọ́jà, ọ̀dọ̀ tirẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ gọ́tà wà. Ní ti owó, ìlànà ìpínwó tó ti wà fún ọ̀pọ̀ ọdún ya ìdá 20.6 nínú 100 sọ́tọ̀ fún àwọn ìjọba ìbílẹ̀ nínú àpò àpapọ̀. Àríyànjiyàn pé ìpínlẹ̀ ń di owó náà mú pẹ́ gan-an, títí Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ fi dájọ́ ní ọjọ́ 11 oṣù keje 2024 pé ọwọ́ ìjọba ìbílẹ̀ gan-an ni kí owó wọn máa bọ́ sí. Kí alága tàbí káńsílọ̀ tó ní "kò sówó", ó yẹ ká lè bi í tìrẹ̀lẹ̀tìrẹ̀lẹ̀ pé èló ló wọlé, èló ló sì bọ́ sórí ọ̀nà.

Àwọn kan á ní, "Ṣebí kánsù gbé gírédà wá lọ́dún tó kọjá?" Ó gbé e wá lóòótọ́, a sì pàtẹ́wọ́. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ síra wa, gírédà tí kò mú yangí tuntun wá, tí kò sì tún ẹ̀yìn ìjàpá ṣe, ń fá ọ̀nà lórí ni. Bó bá fá a lọ́dún yìí, tó tún fá a lọ́dún tó ń bọ̀, ọ̀nà á rẹlẹ̀ ju ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ, á wá di ojú odò. Ọ̀pọ̀ ọ̀nà oko wa ti dà bẹ́ẹ̀. Ẹ lè dúró nínú rẹ̀ kí koríko ẹ̀gbẹ́ kan yín léjìká. Àsìkò náà tún ṣe pàtàkì. Bí wọ́n bá fá ilẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn gangan láìwọ́n omi sí i, eruku lásán ni, kò ní í dì. Ìgbà tí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ kan ilẹ̀ ló dára, kí róólà sì tẹ̀ lé e láti kì í mọ́lẹ̀. Ìgbà mìíì tí gírédà bá dé, kí aṣojú wa wà níbẹ̀ kó béèrè yangí àti róólà.

Ti kòtò ojú ọ̀nà náà wà níbẹ̀. Yanrìn tàbí ìdọ̀tí tí à ń dà sí i, òjò kan ló ń gbé e lọ. Ẹ kọ́kọ́ bu omi àti ẹrẹ̀ inú rẹ̀ kúrò, ẹ gé etí kòtò náà kó dúró ṣánṣán, kí ẹ wá máa da yangí sí i díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì máa fi odó gbá a mọ́lẹ̀ ní ìpele ìpele, títí á fi ga ju ojú ọ̀nà lọ díẹ̀. Àwọn tó bá ń fi èèpo èkùrọ́ ṣe é, ẹ ṣeun, ó sàn ju ẹrẹ̀ lọ fún ẹlẹ́sẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè gbé ọkọ̀ akẹ́rù.

Ẹ̀yin onímọ́tò wa, ọ̀rọ̀ yín rèé. Láàárín 1958 sí 1960, wọ́n wa ọkọ̀ akẹ́rù lórí àwọn ọ̀nà ìdánwò ní Illinois, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, láti mọ bí ẹrù ṣe ń ba ọ̀nà jẹ́. Ohun tí wọ́n rí ni pé bí ẹrù orí ẹsẹ̀ ọkọ̀ bá di ìlọ́po méjì, ìbàjẹ́ tó ń ṣe á tó nǹkan bí ìlọ́po 16. Nítorí náà, ẹni tó kó ẹrù ìrìn méjì nírìn kan láti dín owó epo kù lè ba ọ̀nà jẹ́ ju ẹni tó rin ìrìn méjì lọ dáadáa. Gbogbo wa la jọ ń san án.

Ààbò náà kò ṣeé fò. Bí ọ̀nà bá dára tán, eré á bẹ̀rẹ̀. Ní 1977, ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ìgbà náà dá ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tirẹ̀ sílẹ̀, Wọlé Ṣóyínká sì wà nídìí rẹ̀. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ dá FRSC sílẹ̀ ní 1988, òun náà ni wọ́n fi ṣe alága àkọ́kọ́. Kìlómítà 50 ní wákàtí kan ni òfin fún ọkọ̀ kékeré láàárín ìlú. Láti ọjọ́ 2 oṣù kẹrin 1972 ni ọkọ̀ wa ti ń rìn lápá ọ̀tún, síbẹ̀ àwọn ìyá wa tó ru igbá ṣì ń rìn lápá ọ̀tún bákan náà, wọ́n kọ ẹ̀yìn sí ọkọ̀. Níbi tí kò bá sí ojú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, apá òsì ni kí ẹ gbà, kí ẹ lè rí ọkọ̀ tó ń bọ̀ lójúkojú. Ẹ̀yin tí ẹ ń tẹ́ ọjà sórí gọ́tà títí dé ẹnu ọ̀dà, a mọ̀ pé ibẹ̀ ni oníbàárà ti ń rí yín, ṣùgbọ́n ibẹ̀ náà ni ọkọ̀ tí bíréèkì rẹ̀ já ti ń rí yín. Bọ́ǹpù tí àdúgbò kàn ń mọ síta lóru, tí kò ní àmì, ti gbé ọlọ́kadà ṣubú rí. Kánsù ni ká ní kó wá ṣe é.

Ìgbìmọ̀ ti pinnu lórí kọ́fáàtì yẹn. Àwọn aláàárò gààrí ti gbà láti máa kó èèpo ègé wọn fún àwọn olówurẹ́. Ní Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù tó ń bọ̀, ní aago méje àárọ̀, a ó jọ lọ ro ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ká sì la ẹnu kọ́fáàtì. Kí ẹ mú àdá, ọkọ́ àti ṣọ́bìrì dání. Ẹ má mú ọmọdé wá, ẹ má sì wọ inú páìpù o. Apá tí omi ti jẹ lọ kọjá agbára wa, ti kánsù ni. Ìwé tí a kọ sí wọn wà lọ́wọ́ akọ̀wé. A kọ orúkọ ọ̀nà náà sí i, ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí, ọjọ́ tó ti bàjẹ́, iye abúlé tó ń lò ó, àti àwòrán. Ẹ̀dà kan lọ sọ́dọ̀ káńsílọ̀ wọ́ọ̀dù, a ó sì gba òǹtẹ̀ kánsù sórí èyí tó kù lọ́wọ́ wa. Ẹni tí kò bá tíì fọwọ́ sí i, kó yà sọ́dọ̀ akọ̀wé kí ọjọ́ ìpàdé tó pé. Ọ̀rọ̀ ìtanràn àwọn ará ìsàlẹ̀ odò, a ti wọ́gi lé e.