Owó tí Ìjọba fi ń Kọ́ Òṣìṣẹ́ Ilé Ààbò

Ní ọdún 1984 ni ìgbìmọ̀ aṣòfin Amẹ́ríkà ṣe òfin pé kí ìjọba àpapọ̀ máa náwó sí ìdáàbòbò àwọn tí a ń lù nínú ilé ara wọn. Gẹ́gẹ́ bí a ti tún òfin náà ṣe ní 2010, 70 nínú 100 owó tí a ń pín, ó kéré tán, jẹ́ ti àwọn ìpínlẹ̀, fún ilé ààbò àti ìrànlọ́wọ́. Kò sì gbọdọ̀ dín ní 6 tí ó jẹ́ ti àwọn ibùdó ìmọ̀ àti ìdánilẹ́kọ̀ọ́, irú èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Pennsylvania ní 1993.

Àwọn ibùdó wọ̀nyí kì í gba ẹnikẹ́ni sùn. Èé ṣe, nígbà náà, tí a kò fi owó wọn ra ibùsùn? Òfin kan náà pàṣẹ pé kí orúkọ ẹni tí ó sá wá wà ní àṣírí. Bí ọkọ bá fi ohùn pẹ̀lẹ́ béèrè aya rẹ̀ lórí tẹlifóònù, tí òṣìṣẹ́ tí kò gba ẹ̀kọ́ sì dáhùn pé, “Ó wà níbí,” ibùsùn ti di asán, bóyá ẹ̀mí pẹ̀lú. Ẹni tí ó gba ẹ̀kọ́ yóò dáhùn pé òun kò lè sọ bóyá ó wà níbẹ̀ tàbí kò sí.