Ta Ni Ọmọ Ìjọ, Ta Ni Olùjọ́sìn?

Bí ọdún Kérésìmesì bá ti ń sún mọ́lé, ọ̀nà Imẹ̀kọ kì í gba èrò mọ́. Àwọn ọmọ Ṣẹ́lẹ́ á máa rọ́ wá láti Èkó, láti Àjàṣẹ́ àti Kútọnu, wọ́n ń lọ síbi tí wọ́n sin Wòlíì Samuel Bilewu Joseph Oshoffa, olùdásílẹ̀ ìjọ wọn, sí ní 1985. Àjàṣẹ́ ni Ìjọ Mímọ́ ti Krístì láti Ọ̀run Wá, ìyẹn Ṣẹ́lẹ́, ti bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1947, ṣùgbọ́n ìdílé Oshoffa ní gbòǹgbò ní Imẹ̀kọ. Kí ni akọ̀ròyìn tó bá dé ibẹ̀ yóò pe èrò yẹn? Ọ̀pọ̀ á kọ "àwọn ọmọ ìjọ", wọn á sì gbé gègé sílẹ̀. Kò yẹ kó yá wọn tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ wo ọkùnrin tó wọ sùtánà funfun, tó ń fi ẹsẹ̀ lásán tẹ erùpẹ̀. Ọmọ ìjọ nìyẹn. Obìnrin tó tẹ̀ lé ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá láti Ayétòrò nítorí àdúrà ọmọ, tó jẹ́ pé ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà ni orúkọ rẹ̀ wà, olùjọ́sìn ni lọ́jọ́ náà, kì í ṣe ọmọ ìjọ. Ẹni tó ń ta omi inú ọ̀rá lẹ́nu géètì ńkọ́? Ara èrò lòun. Ọjà ló wá tà.

"Ọmọ" tó wà nínú "ọmọ ìjọ" kò bá ti ọjọ́ orí wá. Irú ti ọmọ ìlú àti ọmọ ẹgbẹ́ ni: ibi tí a mọ ènìyàn mọ́ ló ń sọ. Ìyá àgbà tí àìsàn ti dá mọ́lé láti ọdún tó kọjá, ọmọ ìjọ ni, bí kò tilẹ̀ fẹsẹ̀ kan ṣọ́ọ̀ṣì láti ìgbà náà. Akọ̀wé tó wá ka orí gbogbo ẹni tó jókòó, tó kọ ọ́ sínú ìwé pé "ọmọ ìjọ 300 ló wá lónìí", ti ka àlejò mọ́ onílé. "Ènìyàn 300 ló wá sí ìsìn" ló yẹ kó kọ. Bó bá sì fẹ́ kí gbólóhùn náà dùn létí, àwọn baba wa ti fi "péjú pésẹ̀" sílẹ̀ fún wa: àwọn tó péjú pésẹ̀ síbi ìsìn. N kò rí ìdí tí a ó fi máa ṣẹ̀dá òmíràn.

Olùjọ́sìn kò béèrè orúkọ nínú ìwé, kò béèrè owó ìjọ. Ẹni tó ń jọ́sìn lọ́wọ́ ni, yálà ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní mọ́ṣáláṣí tàbí níwájú ojúbọ.

Èyí tó ń dùn mí jù ni "àwọn ìjọ dìde, àwọn ìjọ kọrin", nígbà tó jẹ́ pé inú ṣọ́ọ̀ṣì kan ṣoṣo ni gbogbo wọn wà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti wà nínú ìjọ tẹ́lẹ̀. Ìjọ dìde, ìjọ kọrin, ó parí. Bí a bá ní "àwọn ìjọ", Ìjọ Àgùdà, Ìjọ Elétò àti Ìjọ Onítẹ̀bọmi ló yẹ kó wá sọ́kàn, tàbí ìjọ méje tí ìwé Ìfihàn kọ lẹ́tà sí nínú Bíbélì tí Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ parí ní 1884. Ènìyàn ni wọ́n kọ lẹ́tà sí níbẹ̀, wọn kò kọ ọ́ sí ilé. Ìdí nìyí tí "òrùlé ìjọ ń jò" kò fi tọ̀nà. Òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì ló ń jò, tàbí ti ilé ìsìn.

Bí a bá kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì, ijó Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tún mú ọ̀rọ̀ mìíràn wá. Àwọn àgbà ní ojú tó bá ti rí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti dé òpin ìran, òwe náà sì fi hàn pé òǹwòran ni ọ̀pọ̀ àwọn tó yí agbo ká. Ìyálàṣẹ, olórí ẹgbẹ́ Gẹ̀lẹ̀dẹ́, àti àwọn ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀, tí wọ́n ti ṣètùtù fún àwọn ìyá wa kí ìlù tó dún, ni olùjọ́sìn níbẹ̀. Ẹni tó kọ "àwọn olùjọ́sìn Gẹ̀lẹ̀dẹ́" fún gbogbo èrò tó dúró lójú agbo ti fi ẹ̀sìn lọ ẹni tí kò béèrè rẹ̀.

Bó bá di ti mọ́ṣáláṣí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má kọ "ìjọ". Jàmáà ni wọ́n, ọ̀rọ̀ Lárúbáwá tó ti di tiwa. Ẹni tó dá kírun nínú yàrá rẹ̀ ti kírun, àmọ́ kò sí nínú jàmáà, àfi tó bá tò sẹ́yìn Lèmọ́mù pẹ̀lú àwọn yòókù.

Ní Ìlaró, níbi tí Mùsùlùmí àti Kristẹni ti ń jẹun nínú agbo ilé kan náà, ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì níbi òkú. Wọ́n ń sìnkú ìyá kan ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn ọmọ rẹ̀ tó jẹ́ Mùsùlùmí wọ aṣọ ẹbí jókòó níwájú. Ìwé ètò ìsìn ní "Ìjọ yóò dìde", àwọn náà sì dìde. Mo gbà pé wọ́n wà nínú ìjọ ní wákàtí yẹn, nítorí gbogbo ẹni tó wà níbi ìsìn ni ìjọ ń tọ́ka sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé Lèmọ́mù ló ń kírun sí òkú lára, tí àwọn ẹbí tó jẹ́ Kristẹni dúró sẹ́yìn lábẹ́ igi, tí wọn kò tò, a kò lè pè wọ́n ní jàmáà. Àwọn tó wá báni kẹ́dùn ni ká kọ.