Ṣé Pírintà Kọ̀ Tí Kò Gbọ́? Ẹ Lọ Wo Inú Dráífà

Ní àwọn ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní àdúgbò Television, ní Kàdúná, ẹjọ́ pírintà tòkunbọ̀ kì í tán. Oníbàárà á gbé e dé, wọ́n á so wáyà rẹ̀ mọ́ láptọ́ọ̀pù, iná rẹ̀ á tàn, ṣùgbọ́n ìwé kò ní jáde. Ọ̀gá á ní, "Kò ní dráífà ni." Ọmọṣẹ́ á wọ orí íntánẹ́ẹ̀tì, á wa nǹkan gìdìgbà kan wálẹ̀, á máa tẹ "Next" títí yóò fi tán. Bó bá ṣiṣẹ́, wọ́n á gbowó. Bí kò bá ṣiṣẹ́, wọ́n á tún wa òmíràn. N kò dá wọn lẹ́bi, bí wọ́n ṣe kọ́ wọn nìyẹn. Àmọ́ kò dára kí ọmọṣẹ́ gba òmìnira láìtíì rí inú dráífà kan ṣoṣo.

Dráífà òde òní kò ṣeé fi kọ́ni. Ó gùn, ó sì díjú. Èyí tí mo fẹ́ kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ ni ti pírintà LP11 tó wà nínú Unix Sixth Edition, tí Bell Labs gbé jáde ní 1975 fún minikọ̀ǹpútà PDP-11. Ẹ lè ka gbogbo rẹ̀ tán lórí ìjókòó kan. Ẹ kò sì nílò PDP-11 fúnra rẹ̀, tí ilé-iṣẹ́ Digital Equipment Corporation bẹ̀rẹ̀ sí í tà ní 1970. SIMH, iṣẹ́ ọwọ́ Bob Supnik tó ti bá ilé-iṣẹ́ náà ṣiṣẹ́ rí, yóò sọ láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ yín di PDP-11. Ọ̀fẹ́ ni SIMH. Unix àtijọ́ náà ti di ọ̀fẹ́ láti January 2002 tí ilé-iṣẹ́ Caldera ti yọ̀ǹda rẹ̀, ó sì wà nínú àká Unix Heritage Society. Dísìkì RK05 tí wọ́n fi kó o pamọ́ kò ju bíi mẹ́gábáìtì 2.5 lọ, nítorí náà ẹnikẹ́ni kò lè fi owó dátà ṣe àwáwí.

Bí Linux bá wà lórí láptọ́ọ̀pù yín, ẹ fi apt gbé SIMH sórí rẹ̀. Ẹ wa dísìkì Sixth Edition wálẹ̀, ẹ sọ ọ́ ní v6root, kí ẹ sì ṣe ẹ̀dà rẹ̀ kan sí ẹ̀gbẹ́ kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Ìdí rẹ̀ ni pé iná lè lọ nígbàkigbà, Unix àtijọ́ yìí kò sì fẹ́ kí iná lọ mọ́ òun lójú: ohun tí ẹ bá kọ kì í tètè dé orí dísìkì. Ẹ máa tẹ sync léraléra, pàápàá bí bátìrì láptọ́ọ̀pù yín bá ti kú. Ó yá, ẹ kọ èyí:

pdp11
set cpu 11/40
attach rk0 v6root
attach lpt iwe.txt
boot rk0

Ìlà kẹrin ni ó so pírintà mọ́ ẹ̀rọ. Fáìlì iwe.txt lórí láptọ́ọ̀pù yín ni yóò dúró bíi bébà. Bí àmì @ bá yọ, ẹ tẹ unix. Nínú àwọn ẹ̀dà kan, rkunix ni ẹ óò tẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ wọlé gẹ́gẹ́ bíi root. Ẹ ṣọ́ra o: bí ẹ bá ṣi lẹ́tà tẹ̀, # ni ó ń pa lẹ́tà kan rẹ́ níbí, @ ló sì ń pa gbogbo ìlà rẹ́. Cd kò sí, chdir ni wọ́n ń lò. Ibẹ̀ ni ó ti máa ń sú ọ̀pọ̀ èèyàn, tí wọ́n á pa ẹ̀rọ dé.

Unix tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí yìí lè má mọ pírintà rárá. Láyé ìgbà náà, kò sí pé ẹ ń ki dráífà bọ inú rẹ̀ bó ṣe ń ṣiṣẹ́ lọ. Ẹ óò sọ orúkọ gbogbo ẹ̀rọ tí ẹ ní fún un, ẹ óò sì tún kánẹ́ẹ̀lì rẹ̀, ìyẹn ètò àárín gbùngbùn tó ń darí ẹ̀rọ, rọ:

chdir /usr/sys/conf
cc mkconf.c
mv a.out mkconf
./mkconf
rk
lp
done

Ẹ dúró díẹ̀ níbí, ẹ tẹ cat c.c. Tábìlì kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní cdevsw. Ẹ wá ìlà tí wọ́n kọ lp sí. Ohun márùn-ún ni wọ́n tò sórí rẹ̀: ọ̀nà ṣíṣí, ọ̀nà títì, ọ̀nà kíkà, ọ̀nà kíkọ, àti ọ̀nà ìṣètò. Ẹ óò rí lpopen, lpclose àti lpwrite, ṣùgbọ́n nodev ("kò sí ẹ̀rọ") ló wà níbi kíkà, torí kò sẹ́ni tó ń ka nǹkan láti inú pírintà. Tábìlì yìí ni ọkàn gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tó bá yé ti mọ ohun tí "kò ní dráífà" túmọ̀ sí: kánẹ́ẹ̀lì dé orí ìlà ẹ̀rọ náà, nodev ló bá níbẹ̀.

Ẹ wá parí iṣẹ́ náà:

as m40.s
mv a.out m40.o
cc -c c.c
as l.s
ld -x a.out m40.o c.o ../lib1 ../lib2
mv a.out /lpunix
sync

Ẹ má fi kánẹ́ẹ̀lì tuntun bo ti àtijọ́ mọ́lẹ̀. Bí ọ̀kan bá kọ̀, èkejì á gbé yín dé ilé. Ẹ tẹ Ctrl àti E láti padà sọ́dọ̀ SIMH, ẹ tún boot rk0, kí ẹ tẹ lpunix níwájú @. Ó ku kí a ṣí ilẹ̀kùn fún pírintà, kí a sì fi nǹkan ránṣẹ́ sí i:

/etc/mknod /dev/lp0 c 2 0
cat /etc/passwd > /dev/lp0

Lẹ́tà c ń sọ pé lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ni ẹ̀rọ yìí ń gbà, kì í ṣe odindi búlọ́ọ̀kù bíi dísìkì. Nọ́ńbà 2 ni ìlà tí lp wà nínú cdevsw, bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ sí í kà láti orí 0. Òdo tó kẹ́yìn ń sọ pé pírintà àkọ́kọ́ ni. Ẹ padà sọ́dọ̀ SIMH, ẹ tẹ detach lpt, kí ẹ wo inú iwe.txt. Ẹ óò bá ọ̀rọ̀ yín níbẹ̀.

Ẹ wá ṣí /usr/sys/dmr/lp.c, ẹ ka dráífà náà fúnra rẹ̀. Àdírẹ́ẹ̀sì 0177514 ló wà lókè. Ònkà mẹ́jọmẹ́jọ ni, ẹ kò ní rí 8 tàbí 9 nínú rẹ̀. Ojú yẹn nínú mẹ́mórì ni PDP-11 ti ń bá pírintà sọ̀rọ̀. Bíìtì kan níbẹ̀ ń sọ pé pírintà ti ṣe tán láti gba lẹ́tà mìíràn. Òmíràn ń fún un láyè láti dá kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ kọ́. Èyí tó wà lókè pátápátá ń sọ pé nǹkan kan ti bàjẹ́, bóyá bébà ti tán. Dráífà kì í dúró wo pírintà lójú. Bí ẹni tó gbé aṣọ fún télọ̀ ló ń ṣe, ó ti bá tirẹ̀ lọ, télọ̀ ni yóò pè é. Bí lẹ́tà tó ń dúró bá pé 100, dráífà á mú kí ẹni tó ń kọ̀wé sùn. Bó bá wá sílẹ̀ dé 50, á jí i.

Lpopen ni kí ẹ fi ojú sí jù. Ohun méjì péré ló ń bèèrè kó tó ṣílẹ̀kùn: ṣé ẹlòmíràn ti ṣí pírintà yìí tẹ́lẹ̀? Ṣé bíìtì òkè yẹn ti tàn? Bí ìdáhùn ọ̀kan bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ó di "ó kọ̀". Ẹ dán an wò: nígbà tí ẹ ti detach lpt yẹn, ẹ tẹ cont, ẹ tún fi cat ránṣẹ́, yóò kọ̀ fún yín. Dráífà wà níbẹ̀ ní tirẹ̀, pírintà ni kò sí. Ìyàtọ̀ yìí gan-an ni wọn kì í ṣe ní ṣọ́ọ̀bù.

Bí ẹ bá fẹ́ fọwọ́ ara yín tún dráífà ṣe, ẹ chdir sí /usr/sys/dmr, kí ẹ wá MAXCOL nínú lp.c. Ó jẹ́ 80, ohun tó bá kọjá rẹ̀ lórí ìlà kan, dráífà á gbé e jù nù láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ fi ed sọ ọ́ di 132. Ẹ fi cc -c -O lp.c rọ ọ́, kí ẹ fi ar r ../lib2 lp.o dá a padà sáyè rẹ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ padà sí /usr/sys/conf, kí ẹ tún kánẹ́ẹ̀lì so pọ̀ bíi ti ìṣáájú. Lẹ́yìn èyí, ẹ ti kọ nǹkan sínú dráífà nìyẹn.

Ohun tí ẹ kọ́ níbẹ̀ ṣì wà nínú Linux tí ẹ ń lò lónìí. Ẹ so pírintà USB mọ́ ọn, ẹ tẹ ls -l /dev/usb/lp0. Bó bá yọ, ẹ óò rí c níwájú, pẹ̀lú 180 àti 0: irú ìlà kan náà tí a fi mknod ṣí. Ẹ tún tẹ lsusb. Nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 03f0 jẹ́ ti HP, 04a9 jẹ́ ti Canon, 04b8 sì jẹ́ ti Epson. Nọ́ńbà yìí ni kí ẹ fi wá dráífà, kì í ṣe orúkọ tí wọ́n kọ sára pírintà.

Bí lsusb kò bá rí pírintà náà rárá, kò sí dráífà láyé yìí tí yóò ràn yín lọ́wọ́. Ẹ pààrọ̀ wáyà, ẹ gbìyànjú ojú ihò mìíràn, kí ẹ tó ṣí pírintà wo bọ́ọ̀dù inú rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gba owó dráífà lọ́wọ́ oníbàárà yẹn.